Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Cicely Tyson àti Àwọn Ipa Tí Ó Kọ̀

Ní oṣù tó kọjá, a tẹ ọ̀rọ̀ ránpẹ́ kan jáde nípa Cicely Tyson, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó lo ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún nídìí eré orí ìtàgé, sinimá àti tẹlifíṣọ̀n kí ó tó jáde láyé ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ní ẹni ọdún 96. A sọ níbẹ̀ pé kì í ṣe àwọn ipa tí ó kó nìkan ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, pé àwọn ipa tí ó kọ̀ láti kó náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Gbólóhùn yìí ni ó fa lẹ́tà wọlé, pàápàá jù lọ láti Àgbádárìgì àti àwọn àdúgbò tó yí i ká. Díẹ̀ nínú wọn nìyí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ojú ewé yìí, a kò dárúkọ ẹni tó kọ̀wé.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín. Iṣẹ́ mi ni láti máa mú àlejò kiri àwọn ibi ìrántí òwò ẹrú ní ìlú wa. Àwọn tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń dárúkọ Kunta Kinte, ọmọkùnrin tí wọ́n jí gbé lọ ṣẹrú nínú fíìmù Roots, bí a bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi tí a forí lé erékùṣù Gberefu, àwọn mìíràn a sì bi mí bóyá ìlú wa ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ipa wo sì ni Cicely Tyson kó nínú rẹ̀? (Afinimọ̀nà kan, Àgbádárìgì)

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ìtàn. Fíìmù tí àwọn àlejò yín ń sọ, Roots, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú Àgbádárìgì. Inú ìwé tí Alex Haley gbé jáde ní ọdún 1976 ni wọ́n ti mú un, abúlé Juffure ní orílẹ̀-èdè Gambia ni ìwé náà sì sọ pé Kunta Kinte ti wá. Wọn kò tilẹ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti ya apá ti Áfíríkà inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ abúlé náà sí. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC fi í hàn fún alẹ́ mẹ́jọ léraléra ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni ó sì jókòó tì í, funfun àti dúdú.

Binta, ìyá Kunta, ni Cicely Tyson ṣe. Ipa náà kò gùn, nítorí pé bí wọ́n bá ti jí ọmọ gbé tán, ìtàn bá ọmọ lọ, ìyá sì kù sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìrọbí ni a ti kọ́kọ́ rí obìnrin yìí, ìyá àgbà tí Maya Angelou ṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni baba ọmọ gbé ìkókó náà sókè sí ojú ọ̀run, tí ó sì fún un ní orúkọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀wọ̀n de Kunta, olùwòran ti rí abiyamọ, ó ti rí ìsọmọlórúkọ, ó ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá jí gbé. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé inú oko ẹrú ni fíìmù Amẹ́ríkà sábà máa ń bá àwọn ènìyàn dúdú, tí kì í béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ohun ńlá ni èyí.

Bí àlejò bá tún bi yín, ẹ sọ òtítọ́ fún un, kí ẹ sì mú un padà sí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Àgbádárìgì kò nílò láti yá ìtàn Juffure lò. Ọjà ẹrú Vlekete wà níbẹ̀, àwọn yàrá tóóró inú àgọ́ Seriki Abass wà níbẹ̀, omi ọ̀sà tí wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn ẹrú kọjá náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ọmọbìnrin mi ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ní iṣẹ́ eré ṣíṣe ni òun fẹ́ kọ́. Baba rẹ̀ fárígá, ó ní òun kò bí ọmọ tí yóò máa ṣe alárìnjó kiri. Èmi wà láàrin àwọn méjèèjì. Ǹjẹ́ ìyá Cicely Tyson gbà fún un? (Ìyá kan, Ajara)

Èsì: Kò gbà rárá, ìyá wa. Àwọn òbí Cicely Tyson ti erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Nevis, ní agbègbè Karibíà, lọ sí New York, Harlem ní ìlú náà ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 1924. Iṣẹ́ ilé ni ìyá rẹ̀ ń bá àwọn ènìyàn ṣe. Obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì pọ́nńbélé ni, ó ka sinimá sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Cicely ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì Red Cross kí ó tó di pé wọ́n rí i, tí wọ́n ní kí ó wá máa ya fọ́tò aṣọ fún ìwé ìròyìn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sídìí eré. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó lé e jáde kúrò nílé, ó sì kẹ̀yìn sí i fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí ó tó àsìkò tí ìyá náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá jókòó láàrin àwọn òǹwòran, tí ó rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lórí ìtàgé, ni ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Mi ò ní bá baba ọmọ wí, nítorí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, Hubert Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń bá a ṣeré, ìdí pàtàkì kan sì ni pé ojú burúkú ni ará ìlú fi ń wo obìnrin tí kò lọ́kọ tí ó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré ti ìlú dé ìlú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewu inú iṣẹ́ náà kì í ṣe àròsọ. Cicely Tyson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ọkùnrin tí ó ń kọ́ òun ní eré gbìyànjú láti fipá bá òun lò pọ̀. Ohun tí baba ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a ń yìn yìí, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún un tàbí fún ọmọ náà.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ má ṣe fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó yọ́ lọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí yín ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì, ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ eré orí ìtàgé bí a ṣe ń kọ́ òfin tàbí ìṣirò owó, baba tí kò fẹ́ alárìnjó sì lè fẹ́ ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Bí ó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré ni ó fẹ́ kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́, ẹ bá a lọ. Ẹ mọ olórí ẹgbẹ́, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ fíìmù kan gba kí wọ́n sùn síta, ẹ béèrè ibi tí àwọn obìnrin yóò sùn. Ẹni tí inú bí nítorí pé ìyá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dáhùn nìyẹn.

Ìbéèrè: Onídìrí ni mí. Oníbàárà mi kan sọ pé obìnrin yìí ni ó kọ́kọ́ gbé irun àdáyébá wọ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni? (Onídìrí, Mowo)

Èsì: Òótọ́ wà níbẹ̀. Láàrin ọdún 1963 sí 1964, ilé iṣẹ́ CBS ń fi eré kan tí ó ń jẹ́ East Side/West Side hàn, lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ran àwọn tálákà New York lọ́wọ́. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà, Jane Foster, ni Cicely Tyson ṣe. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní ipa tó dúró déédéé nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ irú bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, irun tí Ọlọ́run fi sí i lórí ni ó sì gbé wọlé, ó gé e mọ́lẹ̀, kò fi irin gbígbóná nà án, kò sì dé wíìgì. Ó ròyìn lẹ́yìn náà pé àwọn tí wọ́n ń ṣe irun kọ̀wé sí òun láti fẹ̀sùn kàn pé òun ń ba ọjà wọn jẹ́, nítorí pé àwọn oníbàárà wọn ti ń fẹ́ fi irun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onídìrí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn wọ́n tó. Eré náà kò ju ọdún kan lọ, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní apá gúúsù Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti fi í hàn.

Nígbà tí ó yá, ó máa ń dirun jáde níta gbangba, ní ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti dán an wò. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn East Side/West Side, ó ṣe ìyá agbẹjọ́rò tí òṣèrébìnrin Viola Davis ṣe nínú eré tẹlifíṣọ̀n How to Get Away with Murder. Ẹ wá ibi tí ọmọ náà, amòfin tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ti jókòó sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, tí ìyá ń fi òòyà ya irun rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí ó ti wà láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé ìjókòó yẹn fún obìnrin Àgbádárìgì kankan.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré ṣíṣe. Mo máa ń kà pé The Autobiography of Miss Jane Pittman ni iṣẹ́ tí ó ga jù nínú iṣẹ́ Cicely Tyson. Kí ló wà nínú rẹ̀ tí mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ? (Olùkọ́, Topo)

Èsì: Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974 ni CBS kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìwé ìtàn àròsọ tí Ernest J. Gaines kọ ni wọ́n ti mú un: obìnrin kan tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tí ó sì gbó títí ó fi di ẹni 110 ọdún ní àsìkò tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni ó ṣe gbogbo ọjọ́ orí wọ̀nyẹn, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ìgbà ogbó. Stan Winston àti Rick Baker ni wọ́n fi mékọ̀ọ̀pù sọ ojú rẹ̀ di ti arúgbó, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì gba ẹ̀bùn. Àmọ́ mékọ̀ọ̀pù kò lè rìn. Cicely Tyson lọ sí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó láti wo bí àgbà ṣe ń ṣe, ohun tí ó rí níbẹ̀ sì hàn ní ọrùn rẹ̀, ní ìka ọwọ́ rẹ̀ àti nínú ohùn rẹ̀. Ẹ̀bùn Emmy, ti eré tẹlifíṣọ̀n, méjì ni wọ́n fún un lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí.

Ibi tí ẹ ó fi kọ́ àwọn ọmọ ni apá ìparí. Ẹ̀rọ omi mímu kan wà níwájú ilé ẹjọ́, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni òfin gbà láyè láti mu níbẹ̀. Ìyá arúgbó náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn ọlọ́pàá ń wò ó. Kò sí orin ogun, kò sí ẹni tí ó ń pariwo. Ó lọ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kéékèèké, ó dé ibẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó mu omi, ó gbójú sókè, ó sì yí padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ń rò pé ẹkún àti igbe ni eré ṣíṣe yóò rí i níbẹ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú bí ẹsẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀. Ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ wo ìyá tàbí baba àgbà ilé rẹ̀ fún odindi ọ̀sán kan, láìsọ̀rọ̀, kí ó tó wá ṣe ohun tí ó rí ní iwájú kíláàsì. Mo fi kún un pé Viola Davis, nígbà tí ó wà ní ọmọdé nínú ìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, rí fíìmù yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì sọ pé ibẹ̀ ni òun ti pinnu láti di òṣèré.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo sì ń bá àwọn tí ń ṣe fíìmù àgbéléwò lọ sí lokéṣọ̀n. Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ti aṣẹ́wó nìkan ni wọ́n máa ń fún mi. Olùdarí kan sọ lójú gbogbo ènìyàn pé mo dúdú jù láti ṣe ìyàwó olówó. Ẹ sọ pé Cicely Tyson kọ irú ipa bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà bá kọ̀, ṣé n kò ní jókòó sílé títí ni? (Òṣèrébìnrin, Aradagun)

Èsì: Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ ní àkàtúnkà, inú mi kò sì dùn sí ohun tí olùdarí yẹn sọ. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn ní kíkún, kí n má sì ṣe tàn ọ́ jẹ.

Kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Cicely Tyson kò kọ ipa nítorí pé ẹni inú rẹ̀ jẹ́ tálákà tàbí ìránṣẹ́. Nínú Sounder, ti ọdún 1972, ìyàwó àgbẹ̀ aláìnílẹ̀ ni ó ṣe, Rebecca, ní Louisiana ní àsìkò ọ̀dá owó ọdún 1930 sókè. Ọkọ rẹ̀ jí ẹran láti fi bọ́ ẹbí, wọ́n mú un lọ ṣẹ̀wọ̀n, obìnrin náà sì ń fọ aṣọ onílé, ó ń ro oko, ó sì ń tọ́ ọmọ. Ní ọdún 2011, nínú The Help, ọmọ ọ̀dọ̀ gan-an ni ó ṣe. Ipa tí ó kọ̀ ni èyí tí wọ́n kọ láìka ẹni inú rẹ̀ sí ènìyàn. Ní àsìkò tí Sounder jáde, owó ń wọlé gan-an fún àwọn fíìmù tí ó ń kó àwọn adúláwọ̀ jọ bí ọ̀daràn, olóògùn olóró àti aṣẹ́wó. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ fún obìnrin dúdú tó rẹwà, òun sì ní òun kò ṣe.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ń kiri láti polówó Sounder, tí ó máa ń sọ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Akọ̀ròyìn aláwọ̀ funfun kan dìde, ó ní òun kò rò pé òun ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ nígbà tí òun ń wo fíìmù náà, ara òun kò lélẹ̀ nígbà tí òun gbọ́ tí ọmọkùnrin inú rẹ̀ ń pe baba rẹ̀ ní dádì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tòun náà ṣe ń pe òun. Ro ọ̀rọ̀ yẹn wò. Àgbàlagbà ọkùnrin, tí ó ń kọ̀wé jẹun, kò tíì ronú rí pé ọmọ adúláwọ̀ lè pe baba rẹ̀ bí ọmọ tirẹ̀ ṣe ń pè é. Cicely Tyson ní ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé òun kò lè fi iṣẹ́ yìí ṣe eré lásán mọ́, pé ohun tí àwọn ènìyàn ń rí nínú fíìmù ni wọ́n ń gbé lọ bá aládùúgbò wọn.

Kíkọ̀ yẹn ná an ní nǹkan púpọ̀. Ìgbà máa ń pẹ́ kí ó tó tún rí iṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó rẹ̀ kò sì bá orúkọ rẹ̀ mu. Olùdarí fíìmù nì, Tyler Perry, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là ni wọ́n san fún obìnrin náà lórí Sounder, fíìmù tí ó mú kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí ó lè gba Oscar, ẹ̀bùn sinimá tó ga jù ní Amẹ́ríkà; ó ní nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun fi san mílíọ̀nù kan dọ́là fún un fún iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nígbà tí ó ti darúgbó. Ìwọ rò ó wò bí ọdún tí ó wà láàrin owó méjèèjì ti pọ̀ tó.

Mi ò sì fẹ́ kí o fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo àwọn tí kò kọ̀. Hattie McDaniel, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba Oscar, gbà á ní ọdún 1940 lórí ipa ìránṣẹ́ inú Gone with the Wind. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbà á, tábìlì kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n fún un, níbi tí ó jìnnà sí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà. Ipa ìránṣẹ́ ni wọ́n ń fún un ṣáájú ọjọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá gbà á, kò sí òmíràn. Ìlẹ̀kùn tí irú wọn fi èjìká tì ni Cicely Tyson bá ní ṣíṣí díẹ̀ tí ó fi lè dúró sọ pé rárá.

Nísinsìnyí, ó kan ìwọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ipa ọmọ ọ̀dọ̀, má ṣe kọ̀ ọ́ kí o tó béèrè. Mo mọ̀ pé lórí lokéṣọ̀n púpọ̀, wọn kì í fúnni ní ìwé eré, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún òṣèré ohun tí yóò wí. Béèrè síbẹ̀. Kí ni orúkọ ọmọbìnrin náà? Ibo ni wọ́n ti mú un wá? Kí ni ó ń fẹ́ nínú ilé yẹn, tí ó sì ń bẹ̀rù? Olùdarí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn, inú rẹ̀ a tilẹ̀ dùn pé o béèrè. Bí olùdarí kò bá mọ̀ ọ́n, fi ìdáhùn tìrẹ sọ́kàn kí o tó wọ iwájú kámẹ́rà, kí o sì jẹ́ kí ó hàn ní bí o ṣe ń gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀. Ibi tí mo rò pé o gbọ́dọ̀ ti sọ pé o kò ṣe ni ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi àwọ̀ rẹ rẹ́rìn-ín, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kí o bọ́ra láìsí ìdí kan nínú ìtàn. Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sọ ọ́ níkọ̀kọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, àmọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó tan iná.

Kí o sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ebi ń pa ṣòro láti kọ ohunkóhun. Cicely Tyson mọ̀wé tẹ̀ kí ó tó mọ eré ṣe. Bí o bá mọ aṣọ rán, bí o bá ń ta ẹja, má fi sílẹ̀ nítorí pé o ti ń rí ojú rẹ nínú fídíò. Ní ti àwọ̀, adúmáadán ni Cicely Tyson, kò bó o, kò sì sí ipa ìyàwó olówó kankan tí a fi ń rántí rẹ̀ lónìí.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé afunfèrè ńlá ni ọkọ rẹ̀? (Olùkàwé, Ibereko)

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni. Miles Davis, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin jáàsì, ni. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1981, wọ́n sì ti tú ká kí ọdún 1990 tó dé.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo kà níbì kan pé ọdún 1933 ni wọ́n bí obìnrin yìí, ẹ̀yin sì kọ 1924. Èwo ni ká gbà? Ṣé ó sì gba Oscar rí? (Baba àgbà kan, Àgbádárìgì)

Èsì: Baba, 1924 ni kí ẹ gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé fi gbé 1933 kiri, nítorí pé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó ti dàgbà ju àwọn tí wọ́n jọ ń wá iṣẹ́ lọ, ó ti bímọ, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní fún obìnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní àyè. Nítorí náà, wọ́n bá a yọ ọdún kúrò. Kò dára, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó fà á. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí òtítọ́ hàn, ṣe ni ó tún mú kí iṣẹ́ rẹ̀ tóbi sí i lójú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2013, ó padà sí ìtàgé Broadway lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, nínú The Trip to Bountiful, ó sì gba Tony, ẹ̀bùn eré orí ìtàgé, ti òṣèrébìnrin tó ta yọ jù. Ẹni ọdún 88 ni nígbà náà, ó sì ń há odindi eré sórí, ó ń sọ ọ́ lálaalẹ́.

Ní ti Oscar, wọ́n dárúkọ rẹ̀ lórí Sounder, òun àti Diana Ross ní ọdún kan náà, Liza Minnelli ni ó sì gbà á lọ. Ó di ọdún 2002 kí adúláwọ̀ kan, Halle Berry, tó gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó ta yọ jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n wá fún Cicely Tyson ní Oscar ìmọrírì fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú rẹ̀. Ààrẹ Obama ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù tí ará ìlú lè gbà ní Amẹ́ríkà ní ọdún méjì ṣáájú. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n fún un ní Oscar nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè sá gun orí pèpéle.

Ìbéèrè: Ọ̀dọ́ tí ń kọ́ eré ni wá. A fẹ́ jọ wo ọ̀kan nínú fíìmù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, epo jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé méjì. Èwo ni kí a wò? (Ẹgbẹ́ òṣèré ọ̀dọ́, Ajara)

Èsì: Ẹ wo Sounder. Kò gùn tó wákàtí méjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ nínú rẹ̀ tí yóò fún yín lágara. Kí ẹ fojú sí ibi tí ọkọ Rebecca ti ń ti ọgbà ẹ̀wọ̀n bọ̀. Ajá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Obìnrin náà wo òpópónà, ó rí ẹnì kan tí ó ń tiro bọ̀ lókèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sáré bí òṣèré ṣe ń sáré kí aṣọ rẹ̀ lè dára nínú àwòrán. Ó ń sá eré ẹni tí ó ti dá oko ro fún ọ̀pọ̀ oṣù, apá rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tún un wò láìsí ohùn, kí olúkúlùkù lè sọ ohun tí ó rí ní apá, ní orúnkún àti ní ojú rẹ̀. Bí epo bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìyókù.